Iṣẹ́ Kékeré, Ewu Ńlá: Títọ́jú Ọkọ̀ Nínú Àgbàlá Ilé



Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ní Port Harcourt, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń gbé bàbá lọ sí ibi iṣẹ́, òun náà ni ó ń gbé ìyá lọ sí ọjà, tí ó sì ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-kéú. Bí ọdún Iléyá bá sì kù sí dẹ̀dẹ̀, ọkọ̀ yìí kan náà ni yóò kó gbogbo ilé gba Owerri, Onitsha, Benin àti Ọrẹ̀ kọjá lọ kí àwọn ẹbí. Ọkọ̀ tí ó gbé ẹ̀mí tó báyìí lọ́wọ́ yẹ ní ohun tí a ń tọ́jú. Owó mẹ́káníìkì kò sì fúyẹ́, nítorí náà ni púpọ̀ nínú wa ṣe ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra wa ní òwúrọ̀ Sátidé. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ kan lára ọkọ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó, tí kò ní ewu tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ewu náà kí a tó dáwọ́ lé iṣẹ́ náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìlú Port Harcourt fúnra rẹ̀ kò rọ ọkọ̀ lọ́rùn. Òjò tí ó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju 2,000 mílímítà lọ. Ọ̀rinrin ń jẹ irin, àgbàrá sì ń bo kòtò ojú títì mọ́lẹ̀. Láti ìparí ọdún 2016 ni àwọn ará ìlú ti ń pariwo eérú èéfín dúdú tí ó ń bà lé aṣọ tí a sá àti ilẹ̀ tí a gbá. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni ẹ́ńjìnnì ń mí símú. Àsẹ́ tí ń gba ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ náà, èyí tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní fílítà, ni iṣẹ́ tí ó rọrùn jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí àpótí rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá mọ́, ẹ ra òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí orí táyà. Àwọn àgbà ìlú yìí kò lè gbàgbé ilé-iṣẹ́ Michelin tí ó ń ṣe táyà ní Trans-Amadi láti ẹ̀wádún 1960. Ní ọdún 2007, wọ́n tì í pa. Ní ọdún 2008, Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà. Láti ìgbà náà ni ó ti jẹ́ pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà tí a ń lò ti ń wá, tòkunbọ̀ kò sì kéré nínú wọn. Táyà lè ní ìlà dáadáa lójú kí ó sì ti gbó nínú. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ ra táyà ní ọjà Ikoku ní Diobu, kí ẹ tó dúnàádúrà, ẹ wá lẹ́tà DOT ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ḿbà 4 tí ó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ orí táyà náà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí ẹ kò bá rí i ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìkìlọ̀ àjọ SON àti ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni pé kí a má lo táyà ju ọdún 4 lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é.

Ẹ máa wọn afẹ́fẹ́ táyà ní òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn. Iye tí ó yẹ ọkọ̀ yín wà lára ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Iye tí a kọ sára táyà fúnra rẹ̀ jẹ́ òpin ohun tí táyà náà lè gbà, kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ ń fẹ́.

Pípààrọ̀ táyà ni ó lè gba ẹ̀mí ènìyàn kíákíá jù lọ. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè; kò wà fún dídáàbò bo ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Lásìkò òjò, ilẹ̀ àgbàlá wa a máa rọ̀, jáàkì a rì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ a sì yẹ̀ lójijì. Ẹ wá ilẹ̀ tí ó tẹ́jú tí ó sì le. Kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta dí táyà tí ó wà ní igun kejì, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ tẹ́ pákó tí ó nípọn sábẹ́ jáàkì. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè, nítorí agbára tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì tí ó le lè ti ọkọ̀ ṣubú. Ẹ ti táyà àfirọ́pò sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Bí jáàkì bá já yín kulẹ̀, orí rẹ̀ ni ọkọ̀ yóò balẹ̀ sí. Bí sípánà bá sì bọ́ sábẹ́ ọkọ̀, igi ni kí a fi fà á jáde, kì í ṣe apá.

Ewu rédíétọ̀ ni ìgbóná. Omi inú rẹ̀ wà lábẹ́ ìfúnpá, nítorí náà ó lè gbóná ju omi ìkòkò tí ń hó lọ láì tíì hó. Bí a bá ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà náà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò hó, tí yóò sì tú sí ojú àti àyà ẹni tí ó ṣí i. Àkísà tí a fi wé ọwọ́ kò lè dá a dúró. Bí ọkọ̀ bá gbóná lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì mú sùúrù títí yóò fi tutù pátápátá, bí ó tilẹ̀ gba wákàtí kan. Ẹ má fi ọwọ́ sí ìtòsí fáànù, torí ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa ẹ́ńjìnnì. Ohun mìíràn tún wà. Omi kànga ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Port Harcourt kún fún irin. Ẹ̀yin ìyá tí ń fọ aṣọ funfun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń sọ aṣọ di pupa rúsúrúsú yóò dì sínú rédíétọ̀ pẹ̀lú. Kúláǹtì ni kí ẹ máa lò.

Ní ti bátìrì, ásíìdì wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń tú gáàsì tí ó lè gbiná sílẹ̀ nígbà tí iná bá ń wọ inú rẹ̀. Iná tí ó ta pàrà kan ṣoṣo lè mú un bú gbàmù. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Orí tí a sàmì àyọkúrò sí ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dè kẹ́yìn. Ara irin ọkọ̀ ni a so ó mọ́, bí ó bá ti kúrò, sípánà tí ó bá kan irin kò lè dá iná sílẹ̀ mọ́. Bí ásíìdì bá ta sí ojú, ẹ fi omi mímọ́ ṣan án fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ewu méjì mìíràn kò ní ariwo. Èkíní ni èéfín. Bí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nínú gáréèjì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, gáàsì carbon monoxide yóò kún ibẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, òun kan náà ni ó ń pa àwọn tí ó gbé jẹnẹrétọ̀ sùn sínú ilé. Èkejì ni àgbàrá. Bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, ẹ má ṣe tún un tan. Omi tí ó bá wọ inú ẹ́ńjìnnì kò ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Yóò tẹ irin inú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì odidi yóò sì bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí a tì í jáde, kí mẹ́káníìkì yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ wo ni kì í ṣe ti ilé? Ohunkóhun tí ó bá gba wíwọ abẹ́ ọkọ̀, bíréèkì, ọ̀nà epo bẹntiróòlù àti gáàsì amúlétutù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí bẹntiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, ọkọ̀ púpọ̀ bàjẹ́. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má fi ẹnu fa epo jáde nínú táǹkì. Májèlé ni methanol, ó ń fọ́ ojú, ó sì ń pani.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù kan aládùúgbò. Ọ́ìlì tí ẹ bá yọ kúrò, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀yìnkùlé. Ní ọdún 2011, ìwádìí àjọ UNEP bá kẹ́míkà benzene nínú kànga ní Nisisioken Ogale, nítòsí wa ní Eleme, ní ìwọ̀n tí ó ju èyí tí àjọ WHO fọwọ́ sí lọ ní ìlọ́po 900. Epo tí ó wọ ilẹ̀ ni ó fà á. Ẹ rọ ọ́ìlì àlòkù sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, ẹ gbé e jìnnà sí ọwọ́ ọmọdé, kí ẹ sì kó o lọ fún mẹ́káníìkì yín. Kúláǹtì pẹ̀lú, ó ní adùn lẹ́nu, ó sì lè pa ọmọ. Kì í ṣe ohun tí a ń rọ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ní Sátidé tí ń bọ̀, kí ẹ tó gbé jáàkì jáde, ẹ pe àwọn ọmọ yín tí ó ti dàgbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ẹ sì sọ ewu iṣẹ́ náà fún wọn kí ẹ tó fi iṣẹ́ hàn wọ́n. Ẹni tí ó mọ ìdí tí kò fi yẹ kí ó ti apá bọ abẹ́ ọkọ̀ kò ní tì í bọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ kò bá sí nílé. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ gbogbo wa.