Bàbá Tó Ti Jẹun Lóde Kò Lè Rí Ọwọ́ Ọmọ Rẹ̀



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó ń bọ́ wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kàn mí kí ó tó kàn yín. Fún nǹkan bí ọdún kan, n kì í jẹun alẹ́ nílé. Tí mo bá ti parí iṣẹ́ nílé kéú, mo máa ń yà sí ilé oúnjẹ kan lójú ọ̀nà níbí ní Ìbàdàn. Màá jẹ àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú pẹ̀lú ẹran méjì, ó di ilé. Ìyàwó mi náà á ti ra ìrẹsì fún àwọn ọmọ nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Kálukú á jẹ tirẹ̀ níbi tó bá jókòó sí.

Lọ́jọ́ kan, a lọ kí ìyá mi. Wọ́n bu oúnjẹ sínú àwo kan fún àwọn ọmọ. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, kò ṣe Bismillāhi. Ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sí ẹran tó wà níwájú àbúrò rẹ̀. Ìyá mi wò mí, wọ́n ní, “Àáfà, ṣé ọmọ ọlọ́mọ nìkan lò ń kọ́ ni?”

N kò rí èsì fọ̀. Ọmọ náà mọ àdúà oúnjẹ sórí. Tí ẹ bá bi í, á kà á fún yín. Ibi tí yóò ti máa lò ó ni kò ní.

Ẹ rántí Umar ọmọ Abu Salamah. Ọmọdé ni, ọ̀dọ̀ Ànábì ló sì ti dàgbà. Bí wọ́n ti ń jẹun, ọwọ́ rẹ̀ ń rìn káàkiri inú àwo. Ànábì wá kọ́ ọ pé kí ó dárúkọ Ọlọ́hun, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, kí ó sì jẹ nínú èyí tó wà níwájú rẹ̀. Al-Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Ìdí àwo oúnjẹ ni ẹ̀kọ́ yìí ti wáyé. Ànábì jókòó ti ọmọ náà ló fi rí ọwọ́ rẹ̀. Bàbá tó ti jẹun lóde kò lè rí ọwọ́ ọmọ tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé haram ni oúnjẹ títà. Nínú Suratun-Nuur, āyah 61, Ọlọ́hun jẹ́ kó yé wa pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún wa bí a bá jẹun pọ̀ tàbí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Onírìnàjò ń bẹ, akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ. Ọ̀pọ̀ ìyá olóúnjẹ ló ń fi iṣẹ́ náà rán ọmọ níléèwé, owó halal sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó tọ́ náà lè gba ipò ohun tó dára jù ú lọ, tó bá di ojoojúmọ́.

Ẹ wo ti owó náà. ₦2,500 ni mo ń ná lálẹ́ kan. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ jẹ́ ₦12,500. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ₦50,000. Ikùn kan ṣoṣo ló ń yó. Bẹ́ẹ̀ Ànábì kọ́ wa pé oúnjẹ ẹni méjì á tó ẹni mẹ́rin. Nígbà tí àwọn sàábé sì sọ fún un pé àwọn ń jẹun ṣùgbọ́n àwọn kì í yó, ohun tó tọ́ka sí ni jíjẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní kí wọ́n péjọ sídìí oúnjẹ, kí wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun, àlùbáríkà á wọ̀ ọ́. Abu Dawud ló gbà á wá.

Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀yin ìyá: “Àáfà, ta ni yóò wá se é?” Òótọ́ lẹ sọ. Obìnrin tó ti jáde láti òwúrọ̀, tí a tún di gbogbo rẹ̀ lé lórí, àbòsí la ṣe sí i. Nígbà tí wọ́n bi ìyá wa Àìṣá léèrè ohun tí Ànábì máa ń ṣe nílé, ó ní iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ló máa ń bá wọn ṣe, títí àkókò ìrun yóò fi tó. Ọkùnrin tó bá fẹ́ oúnjẹ ilé, kí ó bá wọn gé ẹ̀fọ́, kí ó bá wọn fọ abọ́. Èmi ni mò ń ro àmàlà nílé wa báyìí. Èyí tí mo kọ́kọ́ rò ní kókó, àwọn ọmọ fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a jẹ ẹ́ tán.

Ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe. Nínú Rọmọdọ́ọ̀nù, gbogbo wa la máa ń rí ọ̀nà ṣínu pọ̀, tí a sì ń jẹ sààrì pọ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kì í dín kù lóṣù náà. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀: àwo kan, kí fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ọmọ tó kéré jù fi ohùn òkè ṣe Bismillāhi. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí oúnjẹ wa, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára wa. Àmín.