Èéṣe tí Òwe Kò Fi Pè É ní Òmùgọ̀?

"Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà." Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, ibi tí wọ́n bá ti ń parí ìjà, ẹ ó gbọ́ òwe yìí. Bí ìyàwó bá wá fẹjọ́ ọkọ sùn, tí bàbá kan sì ti ń mi orí pé "Èyí burú, èyí burú," ẹnìkan yóò dá a lẹ́kun: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ọkọ náà ná." A ti pa á títí etí wa ti di sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo èébú tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ apá kan ọ̀rọ̀ tó sì dájọ́, èmi ìbá pè é ní òmùgọ̀, tàbí aláìmọ̀kan, tàbí oníwàdùwàdù. Ìmọ̀ rẹ̀ ni kò tó, àbí? Òwe kò pè é bẹ́ẹ̀. Òṣìkà ló pè é, ó tún fi oyè àgbà kún un.

Fìlọ́sọ́fì ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, ọmọ Ìsẹ́yìn sì ni mí. Lọ́dọ̀ wa níbẹ̀, yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wa nípa ìwà, ọ̀tọ̀ ni ti ìmọ̀. Olùkọ́ wọn yàtọ̀, ìdánwò wọn yàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba òdo nínú ọ̀kan kó sì yege nínú èkejì, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Òwe yìí kò mọ̀ pé ògiri kankan wà láàárín yàrá méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tó gba irọ́ gbọ́ tó sì fi ara tirẹ̀ san án. Ní oṣù August 2014, nígbà tí àrùn Ebola ti wọ Nàìjíríà, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lóru káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: ẹ dìde, ẹ bu iyọ̀ sí omi gbígbóná, ẹ fi wẹ̀, ẹ mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá pe ọmọ, ọmọ pe àna, wòlíì pe ìjọ. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé àwọn kan tilẹ̀ kú nítorí iyọ̀ náà, àjọ ìlera àgbáyé sì ní láti jáde sọ pé omi iyọ̀ kì í wo Ebola. Ta la máa pè ní òṣìkà níbẹ̀? Ìyá tó jí ọmọ rẹ̀ lóru, ìfẹ́ ló jí i. Kò wádìí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ àti ara àwọn tó fẹ́ràn ló fi dán an wò. Bí a bá fẹ́ bú u, ká pè é ní òmùgọ̀, ó tó.

Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 5 oṣù October 2012, wọ́n pariwo olè lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin lórí ní Aluu, ìlú kan lẹ́bàá yunifásítì náà. Èrò bọ́ wọn síhòòhò, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Àwọn kan ń fi fóònù yà á. Ó di 2017 kí ilé ẹjọ́ gíga tó dá ẹjọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kàn. Nínú èrò tó pé jọ lọ́jọ́ náà, mélòó ló rí olè kankan kó tó gbé igi? Àìmọ̀ tiwọn kò ju ti ìyá oníyọ̀ lọ. Gbígbọ́ ni wọ́n gbọ́, bí òun náà ti gbọ́. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ara tí àìmọ̀ náà bà lé. Ẹni tó dájọ́ ẹlòmíràn láìmọ̀ ti jẹ gbèsè, ó sì ní kí ẹlòmíràn wá san án. Mo rò pé ibẹ̀ ni òwe ti mú òṣìkà.

Àwọn kan ti rìn dé àgbègbè yìí ṣáájú mi. John Olubi Sodipo, ọ̀jọ̀gbọ́n fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ifẹ̀, àti Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, jókòó ti àwọn oníṣègùn, wọ́n ń bi wọ́n ní ohun tí ènìyàn lè sọ pé òun mọ̀, àti èyí tó kàn gbà gbọ́. Ìwé wọn jáde ní 1986. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé lẹ́nu àwọn àgbà yẹn, "mo mọ̀" wúwo púpọ̀: ohun tí ojú ẹni ṣe, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni wọ́n ń lò ó fún. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ lẹ́nu ọba, gbígbà la gbà á, títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n mo ní àríyànjiyàn díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wá jókòó ní gáréèjì Ìsẹ́yìn títí ọkọ̀ Ṣakí yóò fi kún, ẹ ó gbọ́ "mo mọ̀" lẹ́nu ẹni tí ojú rẹ̀ kò ṣe nǹkankan. Awakọ̀ mọ iye tí mínísítà kó jẹ. Alágbo mọ ohun tó pa olówó àdúgbò. Èdè nìkan kò lè gbà wá lọ́wọ́ ara wa. Ìwé tí Hallen dá kọ ní 2000 ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, nítorí ó ní lọ́dọ̀ àwọn àgbà kan náà, apá kan ìwà ọmọlúàbí ni kí ènìyàn jẹ́wọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ òun, kó fara balẹ̀ gbọ́, kó sì ní sùúrù kó tó la ẹnu. Ìwà nìyẹn, a sì ń kọ́ ọ ni, bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Mo rí ẹni tó kọ́ ọ yanjú. Ahunṣọ ni, ní Ìsẹ́yìn, òfì rẹ̀ kò jìnnà sílé wa. Obìnrin kan gbé aṣọ tó rà tọ̀ ọ́ wá. Wọ́n tà á fún un pé sányán ojúlówó ni, ó sì ti ń fura. Bàbá gbé ọ̀kọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ra aṣọ náà, ó yọ fọ́nrán òwú kan létí rẹ̀, ó tú u, ó wò ó síhà oòrùn. Ó wá ṣá ìṣáná, ó fi iná kan orí rẹ̀. Òwú sányán, tó ti ara kòkòrò wá, bí irun tó jóná ló ń rùn, eérú rẹ̀ á sì rún mọ́ni lọ́wọ́. Èyí yọ́, ó dì, ó le koko bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré. "Kì í ṣe sányán," ni bàbá wí. Obìnrin náà ti fa fóònù yọ: "Bàbá, olè ni! Màá gbé àwòrán rẹ̀ sórí Facebook báyìí, kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n." Bàbá ní, "Ìyá, ẹ ní sùúrù. Òwú ni mo yẹ̀ wò, n kò yẹ ènìyàn wò. Bóyá bí wọ́n ṣe tà á fún òun náà nìyẹn. Ẹ lọ bi í ná." Ó mú ọ̀kọ̀ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

N kò mọ bí obìnrin náà ṣe ṣe é nígbà tó délé. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo ti kà nípa ẹ̀rí àti ibi tí ẹ̀rí mọ, ọkùnrin yẹn sọ ọ́ tán kó tó gbé ọwọ́ padà sórí òfì.

Nígbà kan, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé o jẹ́ àgbà kí ẹjọ́ tí o dá tó lè ba ayé ẹnikẹ́ni jẹ́. Baálé ni, tàbí ìjòyè, tàbí ọba. Àwọn ará Òkè-Ògùn, àgbègbè tiwa, kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irú agbára bẹ́ẹ̀: ní October 1916, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkèhò àti Ìsẹ́yìn, ẹ̀hónú lórí kóòtù ìbílẹ̀ tí ìjọba òyìnbó gbé kalẹ̀ sì wà lára ohun tó fà á. Lónìí fóònù ti fi gbogbo wa joyè àgbà. Ọmọ tí kò tíì lè pe ìpàdé ilé lè gbé àwòrán obìnrin arìnrìn-àjò kan síta láàárọ̀ pé ajínigbé ni, kó tó di ọ̀sán, àwọn ọmọ ìlú ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù ti dá a lẹ́bi tán.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ rí i nínú fídíò. Ìròyìn ò tó àfojúbà, àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wí i, ẹni tó fojú bà á ti wà níbẹ̀ ni. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ó lè yíjú wo ẹ̀gbẹ́, ó lè béèrè. Ti fídíò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ló yan ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti gé e, òun náà ló kọ ohun tó wù ú sábẹ́ rẹ̀. Ìjà tó ṣẹlẹ̀ lórílẹ̀-èdè mìíràn lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn lè wọlé lónìí pẹ̀lú àkọlé "Ṣakí láàárọ̀ yìí". Kọ̀ǹpútà tilẹ̀ ti ń dá ojú àti ohùn ẹni tí kò débẹ̀ rí ṣe. Ìròyìn ni fídíò. Ojú ló kàn gbà wọlé dípò etí.

Ibi tí èyí ti le jù lọ́dọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran. N kò ní fi bò. Màlúù ń jẹ oko, wọ́n ń jí ènìyàn gbé, wọ́n sì ti pa àgbẹ̀. Ní Ìgàngàn, ní Ìbàràpá tó bá wa pààlà, agbébọn wọ̀lú lóru ní June 2021, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ààfin. Ní January ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti jó ilé Séríkí àwọn Fúlàní ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ kò ráyè òwe, n kò sì ní bá a wí. Ṣùgbọ́n àwa tí wọ́n bí sí Òkè-Ògùn mọ̀ pé Fúlàní kì í ṣe ẹnìkan ṣoṣo. Àwọn kan wà ní gáà tí baba baba wọn ti ń da màlúù àwọn ará ìlú wa, tí wọ́n ń fi Yorùbá ná ọjà bí ọmọ onílé. Àwọn Bòròrò tó ń da ẹran kọjá lọ yàtọ̀ sí wọn. Agbébọn inú igbó tún yàtọ̀ sí gbogbo wọn, ẹ̀yà yòówù kó ti wá. Lójúkojú, kò sí ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Orí fóònù la ti ń gbàgbé rẹ̀.

Àgbẹ̀ lè bi mí pé: ṣé kí n dúró gbọ́ tẹnu agbébọn kí n tó sá ni? Rárá o! Ẹ sá. Òwe kò bá ẹni tó gbọ́ tó sì sá wí, kò bá ẹni tó gbọ́ tó sì kìlọ̀ wí. Dídá ló bá wí. "Mo gbọ́ ìró ìbọn lápá odò, ẹ má gba ọ̀nà yẹn," ẹni tó sọ èyí ti ṣe oore, kò sì tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. "Àwọn ará gáà báyìí ló ṣe é, ẹ jẹ́ ká lọ jó wọn mọ́lé," ìyẹn ti di ẹjọ́ dídá, ẹlẹ́jọ́ kò sì sí níbẹ̀. Sùúrù tí òwe ń béèrè kò de ẹsẹ̀ ẹni tó ń sá lọ.

Ọmọ Òkè-Ògùn kan wà tí ì bá rọrùn fún jù láti dárúkọ ẹ̀yà kan ṣoṣo. Òṣoògùn lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí Àjàyí sí, ẹni tó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ní 1864. Ní 1821 ogun kó ìlú náà, wọ́n so òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ lókùn, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Pọtogí, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Ní 1837, ó kọ ìtàn náà sínú lẹ́tà. Àfojúbà ni tirẹ̀, kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ sì wo bó ṣe ka àwọn ọ̀tá: ó ní àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó kún ilẹ̀ òun fúnra rẹ̀, ó ní àwọn Fúlàní wà níbẹ̀, ó ní àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn para pọ̀. Ó ka àwọn tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan mọ́ ọn. Bí mo ti ń gbọ́ ìtàn ogun yẹn lónìí lẹ́nu àwọn tí ojú wọn kò ṣe é, ẹ̀yà kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ádímínì ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lórí WhatsApp, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ìgbòho, ọ̀dọ̀ yín ni ẹjọ́ wà báyìí. Bí ẹnìkan bá gbé orúkọ tàbí àwòrán ènìyàn wá pé olè ni tàbí ajínigbé, ẹ bi í: ìwọ lo rí i ni, tàbí ta ló rí i? Ọjọ́ wo? Níbo? Kí ni ẹni tí o fẹ̀sùn kàn sọ? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ pa á rẹ́ kí ẹlòmíràn tó gbé e lọ. Ìkìlọ̀ nípa ọ̀nà tí kò dára, ẹ máa fi ránṣẹ́ o, ẹ sì tètè fi í ránṣẹ́.