Ẹ̀dà ìwé inú àpótí kan náà

Àgbà tó ra ilẹ̀ ní Ayépé kì í fi ìwé ilẹ̀ ṣeré. Yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, yóò sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpótí kan ṣoṣo. Bí iná bá jó yàrá náà ńkọ́?

Àṣìṣe yìí kò yọ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Kí fáìlì lè jáde kíá bí akọ̀wé bá tẹ orúkọ, wọ́n máa ń pín atọ́ka fáìlì sórí kọ̀ǹpútà púpọ̀, ẹ̀dà ìpín kọ̀ọ̀kan á sì wà lórí òmíràn. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbaṣẹ́ ṣe. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ kan bá ṣèèṣì pàṣẹ pé kí atọ́ka náà pa rẹ́, àtìwé àtẹ̀dà ló ń lọ.

Wọ́n á ní atọ́ka ṣeé tún ṣe láti inú fáìlì. Bí fáìlì bá ṣì wà ni o! Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà rògbòdìyàn EndSARS, iná jó Ilé-ẹjọ́ Gíga Èkó ní Igbóṣéré tòun ti fáìlì ẹjọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ilé kọ̀ǹpútà ìjọba jó ní Daejeon, ní Kòríà ti Gúúsù. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó tó 858 terabyte ṣègbé, torí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Wọ́n ní ó ti pọ̀ jù!

Ìjọba Ògùn náà ti ń fi ètò OLARMS gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀tọ́ ará Ayépé ni láti béèrè: ìlú wo ni ẹ̀dà kejì wà, ìgbà wo ni wọ́n sì dán an wò gbẹ̀yìn?