Ẹ Ra Láptọ́ọ̀pù Tó Ṣeé Tún Ṣe fún Ọmọ Yín

Àwọn òbí tó ń mú ọmọ wọn wọ Yunifásítì Ìbàdàn máa ń yà sọ́dọ̀ mi ní Agbowó, níbi tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́. Ìbéèrè wọn kì í yàtọ̀: "Àǹtí, ṣé ká ra kékeré tó wà nínú páálí yìí ni, àbí tòkunbọ̀ ńlá?" Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lọmọ náà máa lò títí yóò fi jáde, tòkunbọ̀ ńlá ni kẹ́ ẹ rà.

Mo mọ ohun tó ń wù yín lára kékeré. Tuntun ni, ó fúyẹ́, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Wáàtì 6 péré ni wọ́n ṣírò fún Celeron, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, nígbà tí ti i5 inú ńlá jẹ́ 15. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Akọ̀ròyìn tó ní òmíràn nílé lè rà á, kò sóhun tó burú.

Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ẹ wo ọmọ tó dé Orí Kẹrin iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, tó ń to èsì ìwádìí sínú tábìlì lórí ojú kọ̀ǹpútà oní-íǹṣì 11. Bó ṣe ń fà á sọ́tùn-ún ló ń fà á sósì, torí tábìlì náà ò hàn tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá tún ṣí PDF tó ń wò kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́tà á di bíńtín.

Inú láptọ́ọ̀pù kékeré náà gan-an ló tún wá burú jù. Àyè ìpamọ́ 32GB ni púpọ̀ nínú wọn ní, Windows nìkan á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Microsoft ti jáwọ́ nínú títọ́jú Windows 10 láti 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè 64GB, ó kéré tán. Ẹ ò sì lè fi kún un, torí wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Tòkunbọ̀ ńlá bíi ThinkPad T480 tó jáde ní 2018 ńkọ́? Ẹ tú ìdérí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ yọ SSD, ẹ fi tuntun sí i. Ojú ihò RAM méjì ló ní, bátìrì ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń yọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Kì í ṣe gbogbo tòkunbọ̀ ló dára o. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5. Windows 11 gba i5-8250U. Kò gba i5-6300U, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á wí. Ẹ yọ ṣájà kúrò, ẹ fi fídíò sí i, kẹ́ ẹ jókòó tì í títí ẹ ó fi mọ bí bátìrì rẹ̀ ṣe lágbára tó. Bí ọlọ́jà bá ní kò sáyè fún ìyẹn, ẹ má sanwó, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.