Bí Agbábọ́ọ̀lù Bá Dàgbà, Àdéhùn Rẹ̀ Ń Kọ́?

Ìgbà kì í lọ bí òréré. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń fi bọ́ọ̀lù wá oúnjẹ òòjọ́, ẹ gbọ́ ti Gianluigi Buffon, aṣọ́lé ọmọ Ítálì. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ó kọ́kọ́ ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ Parma ní 1995. Ó bá orílẹ̀-èdè rẹ̀ gba Ife Àgbáyé ní 2006. Ní 2021 ó padà sí Parma, wọ́n sì fi kún àdéhùn rẹ̀ títí di 2024. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ 2023, nígbà tí ó di ẹni ọdún 45, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Àdéhùn sì ku bí ọdún kan.

Kí ni òfin wí? Bí ẹgbẹ́ bá lé agbábọ́ọ̀lù láìnídìí kí àdéhùn tó pé, wọn yóò san owó gbà-máà-bínú. Ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ̀yìn tì, owó oṣù tí ó kù kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ni à ń gbowó lé lórí, kì í ṣe orúkọ.

Mùsùlùmí a máa mú àdéhùn ṣẹ. Bí agbára kò bá gbé e mọ́, ìjókòó àti ìfohùnṣọ̀kan ló yẹ, kì í ṣe àsálọ. Nítorí náà, kí ọmọ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ òfin kà á fún yín yékéyéké. Kí ó sì máa tọ́jú owó nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì yá.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.