Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Máa Lọ Wo Ìpàtẹ Iṣẹ́ Ọnà?

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí bá ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí o ń múra ìdánwò wí gan-an. O ń ka ìwé nípa ère Ifẹ̀, nípa aṣọ àdìrẹ àti iṣẹ́ agbẹ́gilére, o sì ń há wọn sórí bí ẹni tí ń há ìsọdipúpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí a kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí lè má jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ rárá. Bí olùdánwò bá wá bi ọ́ léèrè pé, ǹjẹ́ ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi àkókò rẹ̀ lọ wo ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà, kí ni ìwọ yóò wí? Ní tèmi, mo ní ó yẹ. Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe nígbà èwe ni ó kọ́ mi ní ọgbọ́n yìí.

Ní ọdún 1986, mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ní ọjọ́ Sátidé, bí mo bá fẹ́ ra nǹkan lọ́jà, mo máa ń gba Ẹnuwà kọjá ní Ilé-Ifẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni níbẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù. Láti ọdún 1954 ni wọ́n ti ṣí i. Mo ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ, mo ń gbà á kọjá bọ̀, n kò yà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan láti òkè òkun jáde láti inú rẹ̀. Ó rí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa àwọn orí idẹ Ifẹ̀: níbo ni wọ́n ti wú wọn jáde? Báwo ni wọ́n ṣe ṣe wọ́n? N kò lè fèsì. Ó rí i pé ojú ń tì mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi. Ó ní àwọn Potogí ni ó kọ́ àwọn baba wa ní iṣẹ́ náà. Mo mi orí bí alángbá. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ti ṣe àwọn orí náà kí ọkọ̀ Potogí tó dé etíkun wa rárá.

Kíyè sí i dáadáa. Àlejò náà kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà, kò sì pa irọ́ mọ́ mi. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni ó sọ. Ohun tí ó dùn mí ni pé n kò ní ohunkóhun tí mo lè fi wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tí kò bá fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan, ohun tí wọ́n bá gbé lé e lọ́wọ́ ni yóò gbà. Kì í sì í ṣe àlejò yẹn ni ó kọ́kọ́ ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ó rí i pé iṣẹ́ ọnà ibẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gbà pé àwọn baba wa ni ó ṣe é. Ó wá so ó mọ́ ìtàn Atlantis, ìlú àtijọ́ tí wọ́n ní òkun bò mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1938, nígbà tí àwọn ènìyàn ń walẹ̀ láti kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ, nítòsí ààfin, wọ́n tún kan àwọn orí idẹ mìíràn nínú ilẹ̀. Bí a ti ń wú iṣẹ́ mìíràn jáde sí i ni irọ́ náà ń tú.

Lónìí, ọ̀kan nínú àwọn orí tí a rí ní Wúnmọníjẹ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀n. Láti ọdún 1939 ni ó ti wà níbẹ̀. Méjì mìíràn lọ sí Amẹ́ríkà kí wọ́n tó dá wọn padà ní ọdún 1950. Àwọn ará ibòmíràn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ń sọdá òkun nítorí wọn. Ǹjẹ́ ó wá yẹ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Ifẹ̀ máa wò wọ́n nínú ìwé nìkan?

Àwọn kan yóò sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ní ohun tí yóò fi iṣẹ́ ọnà ṣe. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Wo bí àwọn àgbà ṣe ń rọ irú orí wọ̀nyí. Wọ́n á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ orí. Wọ́n á fi ìda bò ó, wọ́n á sì fín ojú, imú, ètè àti ìlà sí ara ìda náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì fi iná sí i. Ìda á yọ́, á ṣàn jáde. Àyè tí ó fi sílẹ̀ ni wọ́n á da idẹ tàbí bàbà yíyọ́ sí. Bí ó bá tutù tán, wọ́n á fọ́ amọ̀ tí ó wà lóde dànù. Nítorí náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ó dá wà. Wọn kò lè fi amọ̀ kan náà rọ èkejì. Ǹjẹ́ kì í ṣe ìmọ̀ iná, ìmọ̀ irin àti ìmọ̀ ìwọ̀n ni gbogbo èyí?

Àwọn mìíràn yóò sọ pé kò sí àkókò, kò sì sí owó. Òótọ́ ni pé ìdánwò ń bọ̀, òótọ́ sì ni pé owó ọkọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n n kò ní kí o máa lọ lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ní sáà ẹ̀kọ́ kan tó. Wákàtí méjì tí o fi wo bọ́ọ̀lù ní Sátidé kan tó fún un.

Àtakò tí ó le jù ni ti ẹ̀sìn. Òbí mìíràn á ní, "Ọmọ mi kò gbọdọ̀ lọ wo òrìṣà." N kò ní kí o ṣe àìgbọràn sí òbí rẹ, ṣùgbọ́n fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún wọn pé wíwo nǹkan yàtọ̀ sí bíbọ ọ́. Sọ ìtàn Lámídì Fákẹ́yẹ fún wọn. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni, ìdílé agbẹ́gilére ni a sì bí i sí. Mùsùlùmí ni. Síbẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì, òun náà ni ó sì gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, níbi tí ó ti ṣe olùkọ́. Ó kú ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá lára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mélòó nínú wọn ni ó dúró láti wò ó?

Má sì ṣe rò pé ohun àtijọ́ nìkan ni a ń wò. Ní Òṣogbo, Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1962. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì lọ sí yunifásítì nígbà náà ti di ayàwòrán tí ayé mọ̀: Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì, àti Jímọ̀ Bùràímọ̀ tí ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Ní ìlú kan náà, ní ọdún 1983, Níkẹ̀ẹ́ Okundaye dá ibi tí a ti ń kọ́ni ní àdìrẹ sílẹ̀. Bí o bá wà ní Èkó, ilé ìpàtẹ tí a fi orúkọ Yusuf Grillo sọ wà nínú ọgbà Yaba College of Technology. Ní Pan-Atlantic University ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, wọ́n ṣí Yemisi Shyllon Museum of Art ní ọdún 2019. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Wá èyí tí ó sún mọ́ ọ.

Bí o bá débẹ̀, má ṣe sáré. Ẹni tí ó wo ogójì nǹkan ní ìdajì wákàtí kò wo ọ̀kankan. Mú ẹyọ kan tí ó wù ọ́, kí o dúró tì í. Kí ni a fi ṣe é? Ta ni a ṣe é fún? Ibo ni ọwọ́ oníṣẹ́ ti wúwo, ibo ni ó ti fúyẹ́? Má fi ọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n bi ẹni tí ń tọ́jú ibẹ̀ léèrè, kí o sì kọ ohun tí o rí sílẹ̀ kí o tó padà sílé.

Nígbà tí èmi náà di olùkọ́, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí Ẹnuwà. Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ó dúró pẹ́ níwájú ère alámọ̀ kan, ó wá ní, "Sà, iṣẹ́ ńlá ni èyí o. Bí amọ̀ tó nípọn báyìí kò bá gbẹ dénú kí ó tó wọ iná, yóò bẹ́ ni." Amọ̀kòkò ni ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, òun ni ó kọ́ gbogbo wa, àti èmi olùkọ́. Àròkọ tí ó kọ lẹ́yìn ìrìn-àjò náà ni ó dára jù nínú kíláàsì, nítorí kò wá ọ̀rọ̀ kiri. Ohun tí ó mọ̀ ni ó kọ.

Ní ìparí, mo tún un sọ pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ wo ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà. Ìwé yóò sọ ohun tí ẹlòmíràn rí fún ọ, ó sì dára kí o kà á. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dá ọ dúró lọ́nà lọ́la, tí ó ń sọ fún ọ pé iṣẹ́ baba rẹ kì í ṣe iṣẹ́ baba rẹ, ojú tí o fi rí i nìkan ni yóò gbà ọ́ sílẹ̀. Má ṣe mi orí bí alángbá bí èmi ti ṣe ní ọdún 1986.