Ẹ má tìtorí èènì sáré ra máìlì bààlúù o!

Tí Disẹ́ńbà bá ti ń sún mọ́, táwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù ń múra àríyá Èkó, Avios, ìyẹn máìlì tí British Airways máa ń fi èènì tà nígbà mí-ìn, máa ń wù wọ́n rà. Èènì ò burú, àmọ́ máìlì nìkan kì í gbé èèyàn wọ bààlúù: owó gidi ṣì wà níbẹ̀ fún owó-orí. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ 900 pọ́n-ùn, tí owó-orí àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jẹ́ 400, tí máìlì tẹ́ ẹ rà bá ti ju 500 lọ, òfò lẹ rà yẹn. Àyè tí wọ́n ń fi máìlì gbà sì níye, asìkò ọdún ló tiẹ̀ máa ń wọ́n jù. Ẹ rí àyè ná kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹni tó ní òun ń kó o pamọ́ dọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Tílé-iṣẹ́ bààlúù bá fi kún iye máìlì tí wọ́n ń gbà, ta ló fẹ́ bá jà?